Ojú Irin Méjì, Kíbọ́ọ̀dù Méjì: Bí Ààlà Ṣe Wọ Inú Kọ̀ǹpútà Wa

Olùkọ́ ni àwa tí à ń kọ̀wé yìí. Ṣábẹ̀ẹ́ ni a wà, èdè Faransé ni a sì fi kọ́ ìwé láti kékeré. Bí ẹ bá rí ibi tí Yorùbá wa ti wọ́, ẹ bá wa tọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orúkọ ìlú wa bẹ̀rẹ̀. Lórí pátákó ojú ọ̀nà tó ti Kútọnu wá, Savè ni wọ́n kọ. Nínú àwọn ìwé kan, Tchabè ni. Ará Nàìjíríà tó mọ ìwé Yorùbá á kọ ọ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹni tó kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì èdè orílẹ̀-èdè Benin á kọ ọ́ ní Shábɛ̀ɛ́. Bí ẹ bá ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ìyá àgbà kan ní ọjà wa, á ní ìlú kan ṣoṣo ni. Bí ẹ bá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú kọ̀ǹpútà, á ní ìlú mẹ́rin ni.

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà àti fóònù ti pa ààlà rẹ́, pé ẹni tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ lè bá ẹni tó wà ní Ṣakí sọ̀rọ̀ láìmú páásì dání. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti gbé kọ̀ǹpútà kọjá ààlà yẹn lọ bọ̀ ti rí i pé ààlà náà kò kú. Ó kàn kúrò lójú ọ̀nà, ó wọ inú ẹ̀rọ ni. Ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

OJÚ IRIN TÍ KÒ PÀDÉ

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí ibi tí ilẹ̀ oníkálukú wọn yóò parí sí láti etí òkun lọ sókè. Wọ́n tún fi àdéhùn mìíràn tì í lẹ́yìn ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1898. Kò sí Oníṣábẹ̀ẹ́, kò sí Alákétu, kò sí Aláàfin níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i. Nígbà tí ìlà náà balẹ̀, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ṣakí àti Ọ̀yọ́ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Odò Ọ̀pàrà, tí àwọn bàbá wa ń là kọjá lọ sí ọjà àti ìnáwó, di ibodè ní apá ibi púpọ̀.

Lẹ́yìn ìlà ni ẹ̀rọ dé. Ọdún 1900 ni Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Kútọnu. Ó dé Ṣábẹ̀ẹ́ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀, ó sì gun òkè dé Parakou ní àwọn ọdún 1930. Ní ìhà kejì, ojú irin Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì kọjá lọ sí Ìlọrin àti Kánò. Ẹ wo bí àwọn méjèèjì ṣe rí: àwọn méjèèjì ti etí òkun bọ̀, àwọn méjèèjì kọrí sí àríwá. Kò sí èyí tó yà sí ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́ sí Ṣakí, ọ̀nà tí ọjà, ọ̀rọ̀ àti ìyàwó ń gbà láti ayébáyé.

Ìwọ̀n wọn pàápàá yàtọ̀. Àárín irin méjì ní ọ̀dọ̀ tiwa jẹ́ mítà kan géérégé, ìyẹn milimítà 1,000. Ti Nàìjíríà jẹ́ milimítà 1,067. Ẹ gbé milimítà 67 wò: kò tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Síbẹ̀, ká ní ojú irin méjèèjì tilẹ̀ pàdé lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tiwa kò lè gun tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi milimítà 67 yìí sọ́kàn, a óò tún padà bá a.

Wáyà tẹlifóònù náà tẹ̀lé ìwà ojú irin. Orílẹ̀-èdè méjèèjì gba òmìnira ní 1960, tiwa ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, ti Nàìjíríà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá pe tẹlifóònù láti ilẹ̀ tó ń sọ Faransé sí ilẹ̀ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Paris àti London ni ohùn rẹ̀ sábà máa ń gbà kọjá. Kútọnu sí Èkó jẹ́ bíi kìlómítà 120. Ohùn á kọ́kọ́ kọjá òkun lọ kí aládùúgbò tó gbọ́ aládùúgbò.

Íntánẹ́ẹ̀tì dé Benin ní ìparí ọdún 1995, ní àkókò tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ṣe àpèjọ wọn ní Kútọnu ní oṣù Kejìlá. Lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì láti Kútọnu sí Èkó náà sábà máa ń lọ kí Yúróòpù ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ yẹn kó tó padà wá sílé. Ẹ̀rọ tuntun ni, ọ̀nà àtijọ́ ló ń tọ̀.

ÁLÍFÁBẸ́Ẹ̀TÌ MẸ́TA FÚN ÈDÈ KAN

Kí kọ̀ǹpútà tó dé rárá ni ìwé wa ti pín. Yorùbá ní fáwẹ̀lì méje tí a kò bá ka ti imú mọ́ ọn. Lẹ́tà Látìn ní márùn-ún. Ibo ni a ó ti rí méjì tó kù?

Ní ìhà Nàìjíríà, àwọn oníwàásù àti àwọn tó ń tẹ̀wé ló kọ́kọ́ dáhùn. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ní 1875 wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó kí wọ́n lè fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà. Ohun tó dúró ni ààmì kékeré lábẹ́ lẹ́tà: ẹ, ọ, ṣ. Ní 1974 ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí àtúnṣe tí a ṣì ń lò títí di òní.

Ní ìhà tiwa, Faransé kò fẹ́ gbọ́ èdè ìbílẹ̀ ní ilé ìwé. Àwọn àgbà yín lè sọ fún yín nípa ohun tí wọ́n ń pè ní «signal», tí wọ́n ń gbé kọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ lọ́rùn títí ó fi máa rí ọmọ mìíràn tó ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1975 ni ìjọba wa tó gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan jáde fún gbogbo èdè orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n tún un ṣe ní 1990 àti 2008. Nínú rẹ̀, ẹ di ɛ, ọ di ɔ, ṣ di sh, p wa di kp. Ìdí rẹ̀ yé wa: kí ọmọ Yorùbá, ọmọ Fọ̀n, ọmọ Baatonu àti ọmọ Dendi lè fi lẹ́tà kan náà kọ́ ìwé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni pé ɛ àti ɔ yìí wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn èdè Áfíríkà ní London gbé jáde ní ìparí àwọn ọdún 1920. Ohun tí Nàìjíríà ti Gẹ̀ẹ́sì kò mú fún Yorùbá, Benin ti Faransé ló mú un.

Kò sí èyí tó jẹ́ àṣìṣe nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n álífábẹ́ẹ̀tì kẹta kan wà tí ẹnikẹ́ni kò jókòó ṣe ìpàdé lé lórí, òun ló sì wà lórí ìwé ọjọ́ ìbí wa. Akọ̀wé ìjọba tó gbọ́ Faransé nìkan gbọ́ orúkọ, ó sì kọ ọ́ bí etí Faransé ṣe gbọ́ ọ. Àjàyí di Adjaï tàbí Adjayi. Adéṣínà di Adéchina. Olúṣẹ́gun di Olouchègoun.

Ẹ kíyè sí ààmì tó wà lórí è yẹn. Nínú Faransé, é ni e wa, è sì ni ẹ wa. È tó wà ní ìparí Savè, ẹ ló dúró fún. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Yorùbá, ààmì yẹn kan náà ohùn ló ń sọ: é jẹ́ ohùn òkè, è jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀. Nítorí náà ọmọ kíláàsì wa tó bá rí «ilé» ń rò pé ààmì náà wà níbẹ̀ kí òun má baà ka e ní ẹ. Ọmọ Ṣakí tó bá rí «Savè» ń ka e pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. Ààmì kan náà, ojú méjì tó ń wò ó kò rí ohun kan náà. Ọdún méjìlélógún la ti fi ń kọ́ ọmọ ní ìwé, a ṣì ń bá èyí jìjàkadì lórí pátákó.

QBEOKUTQ

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa rí. Ní ọdún kan, a gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wa lọ sí Ṣakí fún ìnáwó mọ̀lẹ́bí. Wọ́n ní kí tíṣà bá wọn tẹ ìwé ètò ọjọ́ náà. Bátìrì wa ti kú lójú ọ̀nà. Pílọ́ọ̀gù wa, ẹlẹ́sẹ̀ róbótó méjì bíi ti Faransé, kò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn tó ní ojú mẹ́ta onígun bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Agbára iná méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ohun tí iná náà ń ṣe kò yàtọ̀, ojú ihò nìkan ló yàtọ̀. A rántí milimítà 67.

Àbúrò wa kan ní, «Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lo tèmi.» A jókòó, a tẹ Abeokuta bí ọwọ́ wa ṣe mọ̀ ọ́n. Ohun tó jáde ni Qbeokutq. A tẹ Ogbomoso, ohun tó jáde ni Ogbo;oso. Àwọn ọmọ kéékèèké tó yí wa ká fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ẹ̀rín. A gbọ́ tí ọ̀kan ń bi ìyá rẹ̀ léèrè pé, «Ṣé tíṣà náà ni wọ́n ní bàbá yìí ń ṣe?»

Ọ̀rọ̀ náà kò le. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí lẹ́tà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú QWERTY, ní àwọn ọdún 1870. Nígbà tí ó dé Faransé, wọ́n pa A àti Q dípò, wọ́n pa Z àti W dípò, wọ́n gbé M lọ sí ẹ̀gbẹ́ L, ó di AZERTY. Nígbà tí kọ̀ǹpútà jogún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, oníkálukú fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ tó ti jọba rí. Ìdí nìyẹn tí ilé ìwé wa fi ń lo AZERTY, tí Nàìjíríà fi ń lo QWERTY, tí àwa Yorùbá tó wà láàárín sì ń tẹ Qbeokutq.

Orúkọ pàápàá kò bára mu. Ní Nàìjíríà, kọ̀ǹpútà ni wọ́n mú láti inú Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣírò. Àwa gba «ordinateur», ọ̀rọ̀ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Jacques Perret dábàá fún ilé iṣẹ́ IBM ní Faransé ní 1955, ìyẹn ẹni tó ń tò nǹkan létòlétò. Bí a bá pè é bẹ́ẹ̀ ní Ṣakí, wọn á wò wá bí ẹni tó ń sọ oògùn.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn wá jù lọ́jọ́ náà ni èyí: nínú àwọn kíbọ́ọ̀dù méjèèjì, kò sí èyí tó ní ẹ. AZERTY ní é, è, à, ù, ç, nítorí pé Faransé nílò wọn. QWERTY kò ní ààmì kankan, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kò nílò wọn. A fi bíró kán ààmì sábẹ́ lẹ́tà lórí gbogbo ìwé ètò náà, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà, títí tí àkùkọ fi kọ.

ÀYÈ 128

Kí ló dé tí ẹ̀rọ kò fi mọ̀ wá? Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí lẹ́tà kan wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un ní nọ́ńbà. Ní 1963, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe àkójọ kan tí wọ́n pè ní ASCII, tó ní àyè 128. A sí i fún A, B, C, fún nọ́ńbà àti fún ààmì owó dọ́là. Kò sí àyè fún é pàápàá. Lẹ́yìn náà ni àyè di 256, Yúróòpù sì pín in láàárín ara wọn. Èyí tí wọ́n ṣe fún Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù ní 1987 gba é àti è, ṣùgbọ́n ó gbàgbé œ ti Faransé fúnra rẹ̀. Bí Faransé bá lè gbàgbé lẹ́tà tirẹ̀, ta ni yóò rántí ẹ àti ɛ?

Àwọn ènìyàn wa kò káwọ́ gbera. Àwọn kan ṣe ìrísí lẹ́tà tiwọn: wọ́n mú àyè lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kì í lò, wọ́n ya ẹ sí i. Ó dára lórí ẹ̀rọ tí ó wà. Bí ẹ bá fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ mìíràn, ẹ á rí ààmì Jámánì tàbí ààmì owó níbi tí ẹ kọ ẹ sí. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àṣekára tí àwọn àgbà fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tẹ̀ ni kò ṣeé kà mọ́ lónìí.

Fóònù alágbèéká dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ó sì fi owó kún ọ̀rọ̀ náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160. Àkójọ lẹ́tà tó wà fún un ní é, è, à àti ù nínú. Kò ní ẹ, ọ, ɛ tàbí ɔ. Bí ẹ bá fi ẹ kan ṣoṣo sínú ọ̀rọ̀ yín, fóònù á yí gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà sí oríṣi mìíràn tí àyè rẹ̀ kò ju 70 lọ. Ohun tó jẹ́ ẹyọ kan di méjì tàbí mẹ́ta, owó rẹ̀ sì di ìlọ́po. Ẹni tó bá fi Faransé kọ ọ́ pé a bí ọmọ kan ní Savè sanwó ẹyọ kan. Ẹni tó bá fi Yorùbá gidi kọ ọ́ san méjì.

Ẹ rántí ìgbà tí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Yorùbá láìsí ààmì. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni wá, àwọn kan ní a kò fẹ́ràn èdè wa mọ́. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n owó orí fóònù náà wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni «oko mi ti de» ṣe gba ìlú kan, tí a kò mọ̀ bóyá ọkọ ló dé tàbí ọkọ̀.

ORÚKỌ BÀBÁ

Ohun tó mú wa kọ ìwé yìí kì í ṣe ẹ̀rín Ṣakí. Bàbá kan wà ní àdúgbò wa, àgbẹ̀ ni, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ká pè é ní Bàbá Ajíbádé. Ìyàwó rẹ̀ wà lórí àìsàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà fi owó oògùn ránṣẹ́. Ọmọ náà kọ orúkọ bàbá bí ó ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré: Ajibade. Káàdì bàbá sọ pé Adjibadé.

Àwa la bá bàbá lọ síbi tí a ti ń gba owó. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ kò hùwà burúkú. Ó ní, «Bàbá, ẹ má bínú. Orúkọ tó wà níbí àti èyí tó wà lórí káàdì kò bára mu. Ẹ̀rọ kò gbà.» Bàbá wò ó títí, ó ní, «Ọmọ mi, ṣé orúkọ méjì ni bàbá mi sọ mí ni?»

A fẹ́ pe ọmọ náà kó tún un ṣe. Ìpè kò wọlé láti ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ náà, òun náà kò sì lè pè wá padà. Ẹ rántí pé ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà fóònù Benin kúrò ní mẹ́jọ, ó di mẹ́wàá, 01 sì wọ iwájú gbogbo wọn. Nọ́ńbà bàbá tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà, ti àtijọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà kí owó náà tó bọ́ sọ́wọ́. Ìyàwó bàbá gbádùn, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, d kan àti ààmì kan lórí e ló dúró láàárín aláìsàn àti oògùn rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kéré tó. Milimítà 67.

Yorùbá ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Nígbà tí bàbá ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn, a ronú nípa àwọn ọmọ kíláàsì wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìbátan ní ìhà ọ̀hún. Lọ́jọ́ tí àgbà tó mọ ọ̀nà bá kú, inú ẹ̀rọ ni wọn yóò ti máa wá ara wọn. Adéchina yóò máa wá Adéchina, Adesina yóò máa wá Adesina. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ẹ̀rọ yóò sì sọ fún àwọn méjèèjì pé kò rí nǹkan kan.

OHUN TÍ Ó TI YÍ PADÀ

A kò ní fi ẹkún parí rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ńlá ti ṣẹlẹ̀. Láti 1991 ni àkójọ tuntun kan ti ń jáde tó ń jẹ́ Unicode, tí èrò rẹ̀ jẹ́ pé kí gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ àti ọ wà níbẹ̀ báyìí. Àdúgbò àwọn lẹ́tà Vietnam ni wọ́n ń gbé, nítorí pé àwọn náà ń kán ààmì sábẹ́ lẹ́tà, àmọ́ ní ọ̀dọ̀ tiwọn ohùn ni ààmì ìsàlẹ̀ náà ń sọ. Ɛ àti ɔ kéékèèké wà ní àdúgbò àwọn lẹ́tà tí àwọn onímọ̀ ìró ohùn ń lò. Alejò ni wá ní ibi méjèèjì, ṣùgbọ́n a ní ilé.

Ìṣòro kan ṣì kù. Ẹ nìkan ní ilé tirẹ̀, ẹ́ kò ní: ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ to ẹ àti ààmì ohùn pọ̀. Ọ̀nà tó lè gbà tò wọ́n ju ẹyọ kan lọ, ojú wa kò sì rí ìyàtọ̀. Bí ètò tó ń wá ọ̀rọ̀ kò bá gbọ́n tó, á ní ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ kò sí.

Fóònù pẹ̀lú ti gbọ́n. Kíbọ́ọ̀dù Google ní Yorùbá: ẹ tẹ e, ẹ di í mú díẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á jáde. Ètò ìtumọ̀ Google gba Yorùbá ní oṣù Kejìlá ọdún 2013. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Ẹgbẹ́ Unicode ní ìwé kan tí fóònù àti kọ̀ǹpútà máa ń wò láti mọ orúkọ oṣù àti ọjọ́ ní èdè kọ̀ọ̀kan. Yorùbá méjì ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti Nàìjíríà pe oṣù kìíní ọdún ní Ṣẹ́rẹ́. Èyí tó jẹ́ ti Benin, tí ààmì rẹ̀ jẹ́ yo-BJ, pè é ní Shɛ́rɛ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, inú wa dùn pé ẹnì kan rántí wa. Lẹ́yìn náà la rí i pé ìlà 1889 ló tún fà gba inú rẹ̀ kọjá yìí. Òtítọ́ ni méjèèjì.

KÍ LA WÁ FẸ́ ṢE?

A kò sọ pé kí ìhà kan fi álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìhà kejì. Àwọn ọmọ wa ní láti ka ìwé tí orílẹ̀-èdè wọn ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gba ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ láti kọ́ ti aládùúgbò. Ohun tí a kọ sórí pátákó fún kíláàsì wa rèé, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà. Ti Nàìjíríà ló ṣáájú, ti Benin tẹ̀lé e, bí ìwé ọjọ́ ìbí Faransé ṣe ń kọ ọ́ ló gbẹ̀yìn:

ẹ – ɛ – è
ọ – ɔ – o
ṣ – sh – ch
p – kp – kp
j – j – dj
u – u – ou

Ìlà mẹ́fà péré ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kọ́ ọ kí aago ìsinmi tó lù.

Èkejì, ẹ mú ìwé kan nílé. Ẹ jókòó ti àgbà tó bá ṣì wà. Ẹ kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú ààmì ohùn rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìlú tí oníkálukú ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ìhà kejì, kí wọ́n fi tiwọn náà ránṣẹ́ padà. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, ẹ wo káàdì ẹni tó máa gbà á kí ẹ tó tẹ orúkọ. Nígbà tí ẹ bá sọ ọmọ tuntun lórúkọ, ẹ kọ orúkọ náà sórí ìwé fún akọ̀wé, ẹ má jẹ́ kó fi etí nìkan gbà á.

Bàbá Ajíbádé ti ṣe tirẹ̀. Àwa la bá a kọ ọ́, lórí ìwé àjákọ ọmọ ọmọ rẹ̀. Orúkọ mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀, ní ìhà ọ̀hún àti ìhà ìhín. Nígbà tí a kà á tán fún un, ó ní ká tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní ó ti pẹ́ tí gbogbo wọn ti jọ jókòó síbì kan.

Ẹ̀yin náà, báwo ni wọ́n ṣe kọ orúkọ yín ní ìhà tí ẹ wà? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbí ní ọ̀nà méjì, ẹ lè rí ẹni yín.